Ìkìlọ̀ lórí máàsìkì ojú olóyin tí obìnrin kan ń tà kiri ní Ìlọrin

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta máàsìkì, ìyẹn ohun tí a ń pa mọ́jú, tí òun fi èròjà inú ilé ìdáná pò fún ojú tó máa ń yọ òróró.

Orí WhatsApp ni obìnrin tí mò ń sọ yìí ti ń polówó ọjà rẹ̀. Kò ní ìsọ̀ tí ènìyàn lè dé. Ó ní oyin, ata ilẹ̀ pupa, ọsàn wẹ́wẹ́, nónò àti funfun ẹyin nìkan ló wà nínú rẹ̀, pé kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀, àti pé kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, òróró yóò kúrò lójú, irorẹ́ yóò gbẹ, ojú yóò sì mọ́ rekete. Rọ́bà kékeré kan jẹ́ ₦4,500, a sì gbọ́dọ̀ san án tán kí ọlọ́kadà tó gbé e wá. Méjì ni àbúrò mi obìnrin rà.

N kò ní purọ́ fún yín, inú èmi náà dùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé irorẹ́ rẹ̀ rọlẹ̀ lóòótọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata nígbàkígbà tí omi bá kàn án. Nígbà tó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin péré, irorẹ́ tó sú bò ó ju èyí tó ní tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. A pe obìnrin náà. Ó ní, "Àbúrò mi, má bẹ̀rù, ìdọ̀tí inú awọ ló ń jáde, máa lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún irú ìdáhùn yìí gidigidi, nítorí pé òun ló ń mú kí ènìyàn tún rà sí i nígbà tó yẹ kó sá.

Rọ́bà kejì ló là mí lójú. Àbúrò mi ti ṣí i wò, ó sì gbé e sí ojú fèrèsé, nínú ooru oṣù kẹta tí gbogbo wa mọ bó ṣe ń mú ní Ìlọrin, fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Kò yí àwọ̀ padà, kò kan, òórùn dídùn ló ṣì ń ta. Mo wá rò ó pé ẹyin wo ni yóò wà nínú ooru bẹ́ẹ̀ tí kò ní rà, nígbà tí nónò tí a rà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní ní Ìpátà láàárọ̀ kì í dúró di ọjọ́ kejì kó tó kan kọjá ohun tí ènìyàn lè mu. Mo ra èròjà márààrún, mo pò wọ́n sínú abọ́, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ń hó, ó ń yọ fóòmù. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi béèrè bóyá eku ló kú sí ẹ̀yìn àpótí.

Ohun tó bá ní omi, wàrà àti ẹyin nínú, tí a kò fi ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ sí i, kì í pẹ́ bàjẹ́, kódà nínú fìríìjì ọjọ́ díẹ̀ ni yóò lò. Nítorí náà, bí máàsìkì kan bá wà fún ọ̀sẹ̀ méje láìbàjẹ́, ọ̀rọ̀ pé kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Nígbà tí mo fi èékánná họ bébà tó lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà náà, mo bá bébà mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ti ìpara abóra kan, tí wọ́n ti fi bíírò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Dókítà awọ tí a lọ rí sọ pé ohun tó wà lójú rẹ̀ jọ iṣẹ́ ọwọ́ ìpara tó ní oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Ó máa ń mú kí ojú tètè mọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, bí a bá sì fi í sílẹ̀, irorẹ́ á padà pẹ̀lú agbára. Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn mìíràn tún máa ń fi mákúrì, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, sínú ìpara abóra. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara, kéde ní ọdún 2023 pé bíbó ara ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nínú ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ní ohun tí a pò nílé kò nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Ohun ìpara tí a bá ti ń tà fún ará ìlú gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀, ibi yòówù kí a ti pò ó.

Kódà kí ẹni tó ń pò ó fúnra rẹ̀ nílé yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kúrò níbẹ̀, nítorí pé bí oòrùn bá pa omi rẹ̀ mọ́ni lójú, ó lè jó awọ, àpá dúdú rẹ̀ kì í sì í tètè lọ.

Lẹ́yìn tí a béèrè owó wa, obìnrin náà dí nọ́ńbà wa pa. Orúkọ mìíràn ló fi ń ta ọjà kan náà báyìí fún àwọn ará Ọ̀fà, fọ́tò kan náà ló sì ń lò. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, kí ó lọ rí dókítà awọ, kí ó má sì da rọ́bà rẹ̀ nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní Ìlọrin. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni èmi àti àbúrò mi yóò gbé tiwa lọ; ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Àìkú tó parí.