Ọ̀pá oníwọ̀n tàbí ẹ̀rọ: èwo la ó fi ṣọ́ adágún tó máa ń gbẹ?

Ọ̀pá oníwọ̀n, ìyẹn ọ̀pá tí a sàmì sí láti fi mọ bí omi ṣe jìn tó, kò ní wàhálà. Rì í mọ́ ibi tó jìn jù nígbà tí adágún ṣì gbẹ, kí òdo rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba, kí o sì máa kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé adágún kékeré lè kún, kó sì gbẹ, kí o tó padà dé. Ilẹ̀ tó ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì lè mú kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ máa ń kọ òǹkà sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, lóru pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó! Afẹ́fẹ́ náà ń tẹ̀ ẹ́: ìyípadà hectopascal 1 (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan) nínú afẹ́fẹ́ á dà bí omi sẹ̀ǹtímítà 1. Nínú adágún tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, àṣìṣe ńlá nìyẹn. Gbé èkejì sórí ilẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ ibòji, kí o sì yọ òǹkà rẹ̀ kúrò nínú ti inú omi. Inú páìpù oníhò ni kí ti inú omi wà, kí ẹrẹ̀ má bàa bò ó.

Bí omi bá gbẹ tán, òǹkà ẹ̀rọ kì í sábà bọ́ sí òdo gan-an. Nítorí náà, ọ̀pá ni ká fi sí gbogbo adágún, ká wá fi ẹ̀rọ kún un nínú méjì tàbí mẹ́ta.