Ìbòrí ike, ọ̀dà tàbí pàúdà: èwo ni kí ẹ fi ṣe kálípà bíréèkì yín lọ́ṣọ̀ọ́?

Kálípà ni irin inú ríìmù tó ń fún dísìkì, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, kí ọkọ̀ lè dúró. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa di ohun náà mú síbẹ̀. Èmi kò béèrè, ríìmù kan ló sì bá a lọ.

Mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé ní Abuja níbí. Ìbòrí ike wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú kálípà. Ọ̀dà kálípà wà, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn àti èyí tí wọ́n ń fín. Pàúdà sì wà, ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń yan nínú ààrò títí yóò fi yọ́ mọ́ irin. Mo ti lo ìbòrí, ọ̀dà ló wà lẹ́sẹ̀ Corolla mi báyìí. Ti pàúdà, ọkọ̀ àbúrò mi ni wọ́n ṣe é sí, ojú mi ni wọ́n sì ṣe tú kálípà náà.

Ìbòrí ike dára lójú, mi ò ní purọ́. Kálípà Corolla kéré, písítìnì (irin tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì) kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n bí mo ṣe lẹ ìbòrí pupa náà mọ́ ọn, ó dà bíi ti ọkọ̀ eré ìje. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó tà á fún mi fi gọ́ọ̀mù kan kún un, ó ní iná gan-an kò lè tú u.

Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, mò ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kugbo lọ sí Nyanya ní ìrọ̀lẹ́, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti dì pa, ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí bíréèkì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò. Mo rò pé òkúta ni. Ọjọ́ kejì ni mo tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tú táyà, ó sì pè mí: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Ìbòrí náà ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, igun rẹ̀ ti jẹ tán. Inú ríìmù ti ní ojú ọgbẹ́ yíká, ó ń dán, èékánná mi wọ inú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí iná kò lè tú ń fà bíi ṣíńgọ́ọ̀mù ní ìka mi.

Ohun tí kò yé mi tẹ́lẹ̀ nìyí: irú kálípà onípísítìnì kan bíi ti Corolla kì í dúró sójú kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń sún díẹ̀, ooru sì ń wọ̀ ọ́. Àyè tó wà láàárín òun àti ríìmù lè má tó ìbú ìka. Àwọn ìbòrí kan wà tí kì í ṣe ike, bí èyí tí ilé iṣẹ́ MGP ní Amẹ́ríkà ń ṣe, alumíníọ̀mù tí wọ́n gé fún irú ọkọ̀ pàtó, tí irin dì mú. Ìyẹn yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹ fi amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sí ojú kálípà, ẹ dá táyà padà, ẹ yí i, kí ẹ tó náwó. Bí ríìmù bá ti kan amọ̀ náà, ẹ mọ bí àyè yín ṣe tó.

Ọ̀dà kò gba àyè kankan. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọ̀dà kálípà, kì í ṣe ọ̀dà ilé. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà VHT kọ ọ́ pé tàwọn ń fara da ooru tó 482°C. Tèmi jẹ́ oní-agolo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, irú èyí tí Foliatec ti Jámánì ń ṣe. Iṣẹ́ gidi wà níbi fífọ̀: búrọ́ọ̀ṣì onírin, omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, títí aṣọ funfun tí ẹ bá fi nù ún yóò fi jáde ní funfun. Ẹ fi ọ̀rá bo dísìkì àti páàdì. Kí ọ̀dà má kan rọ́bà. Ẹ má sì ṣe é nígbà ọyẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú oṣù January, eruku bà lé e kó tó gbẹ, ọwọ́ mi kan án, ó rí ṣákaṣàka. Mo họ ọ́ kúrò, mo dúró de òjò oṣù April. Láti ìgbà náà, kò tíì ṣí.

Àléébù kan ló ní: ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3 tàbí DOT 4, máa ń jẹ ẹ́. Ó kán sí tèmi lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó tètè da omi sí i, ojú ibẹ̀ hunjọ. Mo fi ìyókù agolo kùn ún padà.

Pàúdà le ju ọ̀dà lọ, ọ́ìlì kì í tètè ràn án. Ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ ń tó nǹkan bí 200°C, nítorí náà gbogbo rọ́bà àti písítìnì ní láti jáde, rọ́bà tuntun ní láti wọlé, kí wọ́n sì fa atẹ́gùn inú bíréèkì jáde. Ti àbúrò mi, wọn kò dí ihò pínnì, irin tí kálípà ń sún lórí rẹ̀, kó tó wọ ààrò, pínnì kò sì wọlé mọ́. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi họ ọ́.

Àwọ̀: pupa gba eruku Abuja mọ́ra, yẹ́lò kò gbà á.

Owó: ìbòrí ló kéré jù, bí ẹ kò bá ka ríìmù mọ́ ọn.

Bí kálípà yín bá ń jò, tí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàúdà tọ́ sí yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò ọkọ̀ lásán, ìbòrí lè ṣe é. Ẹni tó ń gba Kugbo tàbí Kubwa lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó ra ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, kó ya Sátidé kan sọ́tọ̀, kó sì jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kó tó gbé ọkọ̀ jáde.