Sítáǹpù Tó Ń Sọ Ìtàn Ṣẹ́ẹ̀sì: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Túndé Ọ̀nàkọ́yà fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square nílùú New York, ni àwọn òbí ní Abẹ́òkúta níbí ti ń bi mí pé kí ni wọ́n tún lè rà fún ọmọ tó ti ní pátákó ayò. Sítáǹpù ni mo máa ń dárúkọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oríṣi mẹ́ta tí kò jọra ni àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dà pọ̀ mọ́ra: àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn tí orílẹ̀-èdè kan dìídì tẹ̀ láti fi sọ ìtàn ayò náà, àti àwọn bébà ńlá aláràbarà ti òde òní.

Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ló níyì jù lójú àwọn àgbà tó ń kó sítáǹpù jọ. Bùlgéríà ló kọ́kọ́ gbé ṣẹ́ẹ̀sì sórí sítáǹpù, ní ọdún 1947, nígbà ìdíje eré ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè Bálíkánì. Yugoslavia tẹ márùn-ún jáde ní ọdún 1950 fún Òlíḿpíádì, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tí wọ́n gbà lálejò ní Dubrovnik, tí àwọn fúnra wọn sì gba ipò kìíní. Ní ọdún 1951, Cuba fi méje ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún tí Capablanca, ọmọ bíbí ilẹ̀ wọn, gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ Lasker ní Havana. Owó àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kékeré bí wọ́n bá pé tí wọ́n sì mọ́, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ irú ìrántí bẹ́ẹ̀ láìná owó púpọ̀, kí ó wá sítáǹpù kan tí Iceland tẹ̀ ní ọdún 1972 fún ìfigagbága Fischer àti Spassky fún oyè àgbáyé ní Reykjavik.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìtàn ni ẹ ń wá, ti Họ́ńgárì ti ọdún 1974 ni èmi yóò gbé síwájú gbogbo wọn. Àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, sílẹ̀ ní Paris ni wọ́n fi ṣe ìrántí, pẹ̀lú Òlíḿpíádì tó wáyé ní Nice lọ́dún náà. Síbẹ̀, àwọn atayò ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ará Họ́ńgárì kan tó ń jẹ́ Kempelen ṣe náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún, tí wọ́n mọ bí ọkùnrin ará Tọ́kì, dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ta ayò, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn gidi tó mọ ayò ta dáadáa ló fara pamọ́ sínú àpótí, tó ń fi iná àbẹ́là ríran. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí mo fi sítáǹpù yìí hàn kò jẹ́ kí n sinmi: ó fẹ́ mọ bí ọkùnrin inú àpótí ṣe ń mí. Ẹ kíyè sí i pé oríṣi méjì ni Họ́ńgárì tẹ̀, èyí tí ihò wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ àti èyí tí etí rẹ̀ tẹ́jú. Wọn kò tẹ èkejì púpọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga, àmọ́ àwòrán kan náà ni. Èyí tó ní ihò ti tó fún ọmọdé.

Àwọn bébà aláràbarà ńkọ́? Orúkọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ló sábà máa ń wà lórí wọn, wọ́n á kó àwọn tó ti gba oyè àgbáyé, bíi Fischer, Karpov àti Kasparov, jọ sójú kan, yóò sì máa dán. Mo ti fi owó ara mi ra irú rẹ̀ rí, kí n tó mọ̀ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ náà kò tà á rí. Ẹni tó bá ń ná adìrẹ ní Ìtọ́kú yóò kọ́kọ́ yí aṣọ sẹ́yìn wò, kí wọ́n má baà ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún un. Ohun tí ẹ óò yí wò níhìn-ín ni WNS, àkọsílẹ̀ tí Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, UPU, fi ń fún sítáǹpù tí ìjọba fọwọ́ sí ní nọ́ńbà láti ọdún 2002. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń kópa níbẹ̀, nítorí náà àìsí nọ́ńbà nìkan kò sọ sítáǹpù di ayédèrú, ṣùgbọ́n ó tó ìdí láti dá owó dúró kí ẹ sì ṣe ìwádìí sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń lù sójú sítáǹpù. Sítáǹpù tuntun tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ pé ló wọ́n jù. Nígbà kan rí, àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà Oòrùn Yúróòpù tún máa ń lu òǹtẹ̀ sí sítáǹpù tí kò dé orí lẹ́tà rí, kí wọ́n lè tà á lówó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ lójú rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù sì pé lẹ́yìn, irú rẹ̀ ni. Ní ìlú tiwa, níbi tí ọ̀rinrin oṣù Keje ti ń mú gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìwé, èyí tó rìnrìn àjò lórí lẹ́tà, tí wọ́n ti fi omi rọ gọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò, ló rọrùn jù láti tọ́jú. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un dípò ọwọ́, ẹ gbé àlíbọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró lóòró níbi tó jìnnà sí ògiri tí òjò ń lù, kí ẹ sì fi àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.