Jákẹ́ẹ̀tì òtútù fún ọdẹ àgbọ̀nrín: ìhùùhù, òwú polyester àbí irun àgùntàn?

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gba láísẹ́ǹsì ọdẹ àgbọ̀nrín ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, kóòtù tí mo fi ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ gun orí ègùn. Ó nípọn bíi tìmùtìmù, òtútù ò sì mú mi. Nígbà tó tó nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, abo àgbọ̀nrín kan yọ láàárín igi, kò jìnnà sí mi ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo ní kí n rọra gbé apá sókè, aṣọ bá dún: ṣàà! Etí rẹ̀ méjèèjì yí sọ́dọ̀ mi, ó na ìrù funfun sókè, ó di àwátì. Ẹni tó ta kóòtù náà fún mi ò purọ́. Ó ní yóò gbà mí lọ́wọ́ òtútù, ó sì gbà mí. Èmi ni mi ò béèrè bóyá ó máa ń pariwo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ ọdẹ pé kó má ti orí ooru bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé jíjókòó ni mo fẹ́ máa jókòó, àbí rírìn? Ẹni tó ń dègùn lè jókòó wákàtí mẹ́rin láì mira nínú òtútù -10°C, tí kò ṣọ̀wọ́n ní Minnesota tàbí Wisconsin ní oṣù kọkànlá. Ẹni tó ń tọpa àgbọ̀nrín nínú yìnyín ń làágùn ní tirẹ̀, òógùn yẹn ni yóò sì wá dá òtútù sí i lára tó bá dúró. Aṣọ kan ò lè ṣiṣẹ́ méjèèjì dáadáa, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí rẹ̀.

Ìhùùhù àti òwú polyester

Ìhùùhù ni ìyẹ́ lẹ́úlẹ́ú abẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ àti gúùsì. Nọ́ńbà tí ẹ máa rí lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, 600, 700, 800, kì í ṣe ìwọ̀n ooru. Àyè tí áńsì kan ìhùùhù náà ń gbà tó bá tú tán ni. Jákẹ́ẹ̀tì 800 tí wọ́n fi ìhùùhù bíńtín sí lè tutù ju 600 tí wọ́n rọ ọ́ kún bámúbámú lọ, nítorí náà, ẹ béèrè iye áńsì tó wà nínú rẹ̀.

Tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ìhùùhù ló gbóná jù, òun náà ló sì ṣeé ká sínú àpò kékeré. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí omi tàbí òógùn rin ín: á lẹ̀ mọ́ra bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ti da omi gbígbóná lé, ooru á sì bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí omi yìí gan-an ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fi wá ohun tó máa rọ́pò ìhùùhù ní àwọn ọdún 1980. Ohun tó jáde látinú rẹ̀ ni PrimaLoft, òwú polyester wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Thinsulate, irú òwú bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe, ti wà lórí àtẹ ṣáájú rẹ̀. Irú òwú báyìí ṣì ń gbóná díẹ̀ tó bá rin, ó sì tètè ń gbẹ. Nọ́ńbà ara tirẹ̀ ni iye gíráàmù òwú tó wà nínú mítà aṣọ kan níbùú lóròó. Tèmi ni pé 60 tó fún ẹni tó ń rìn. Ẹni tó máa jókòó, kó wá 150 tàbí 200. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo ju ìhùùhù lọ, àti pé tí ẹ bá ń ká a mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún, inú rẹ̀ á tẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ fi kọ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òwú polyester ni kó rà fún àwọ̀lékè. Ìhùùhù tèmi ti di àwọ̀tẹ́lẹ̀ báyìí, inú àpò ló ń wà títí màá fi dé ègùn.

Irun àgùntàn

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan gbérí ọdẹ tí wọ́n fi kíjìpá rán yóò mọ irú aṣọ tí mò ń sọ: ó wúwo, ó le, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó. Kóòtù irun àgùntàn Mackinaw Cruiser tí ilé iṣẹ́ Filson ti Seattle gba ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1914 ṣì wà lórí àtẹ títí di òní. Irun àgùntàn lè mu omi tó nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ kí ara tó mọ̀ pé ó rin. Fún ẹni tó ń rìn, mi ò rí aṣọ tó jù ú lọ. Orí ègùn ni mi ò ti gba tirẹ̀: atẹ́gùn ń wọlé, bí òjò bá sì pa á tán, kò ní gbẹ lọ́jọ́ náà.

Fleece, aṣọ polyester tó rí bùkẹ̀ bí irun àgùntàn, kò dún, ó sì tètè ń gbẹ, àmọ́ àwọ̀n lásán ni lójú atẹ́gùn. Abẹ́ nǹkan mìíràn ni àyè rẹ̀.

Owó ò tó? Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ológun, kí ẹ béèrè jákẹ́ẹ̀tì Level 7, èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń wọ̀ nínú òtútù líle. PrimaLoft ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é kó lè gba gbogbo aṣọ yòókù sábẹ́. Ooru rẹ̀ ò láfiwé. Ariwo rẹ̀ náà ò láfiwé. Ẹ wá fleece ńlá aláwọ̀ ọsàn kan wọ̀ lé e, ariwo á rọlẹ̀, ẹ ó sì ti tẹ̀ lé òfin.

Òfin ńkọ́? Nígbà ọdẹ oníbọn, Minnesota fẹ́ kí fìlà àti aṣọ òkè ìbàdí jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yòò, yàtọ̀ sí apá aṣọ. Wisconsin ní ó kéré tán ìdajì aṣọ òkè ìbàdí. Àgbọ̀nrín ò rí àwọ̀ ọsàn bí àwa ṣe ń rí i. Búlúù ló ń rí kedere, nítorí náà ẹ fi jíǹsì sílé.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ gbé apá aṣọ náà sí etí, kí ẹ fi èékánná ha á. Àmọ́ ilé ìtajà gbóná, aṣọ tó rọ̀ níbẹ̀ lè gan paali nínú òtútù. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, ẹ gbé aṣọ náà sínú fírísà fún wákàtí kan, kí ẹ tún un ha. Ìyàwó mi ti bá apá jákẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀nmọ́ àti panla rí, kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Ẹ wọ gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ bí ẹni gbé ìbọn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sún sókè tí ìbàdí yọ síta, ó kéré. Ẹ wo bóyá ihò wà lẹ́yìn rẹ̀ fún okùn ààbò, nítorí ẹni tó bá gun ègùn láìso okùn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ní ti ṣòkòtò, èyí tó gùn dé àyà tó sì ní okùn èjìká ni kí ẹ rà, kí sípù rẹ̀ sì gùn ní ẹ̀gbẹ́. Ọjọ́ tí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín lórí ègùn lẹ máa mọ ìdí rẹ̀. Aṣọ alábátìrì tó ń mú ara gbóná ńkọ́? Òtútù tètè ń fa agbára bátìrì, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Oṣù kejì, tí ìgbà ọdẹ ti kọjá, ni àwọn olùtajà sábà máa ń já owó wálẹ̀. Èyí tí mò ń wọ̀ báyìí, ẹyọ kan ló kù lórí ìkọ́ nígbà náà, ó fi díẹ̀ tóbi jù mí. Mo gbé e. Jákẹ́ẹ̀tì ìhùùhù ló gba àyè tó ṣẹ́kù.