Ṣọ́ọ̀bù shadda tí mo ń ná ní Kantin Kwari

Aránṣọ ni mí ní Sabon Gari, Kano, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gé agbádá. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú Kantin Kwari, ọjà aṣọ ní Kano, ní ọ̀nà tóóró kan tí ọlọ́mọlanke kò lè gbà. Kò ní pátákó. Ẹ ṣáà béèrè Alhaji tó ń ta shadda funfun, aṣọ gíníì tí a fi ń rán agbádá.

Bó ṣe ń wọn aṣọ ló mú mi dúró tì í. Kì í fa aṣọ lórí irin. Yáàdì mẹ́wàá tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún un wọ̀n nílé, ó pé géérégé. Kò sì ní pe ti Ṣáínà ní ti Austria. Á tẹ́ méjèèjì síwájú yín, á ní, “Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án.” Ti Austria wúwo, ó sì ń dán lẹ́yìn ìfọ̀. Ti Ṣáínà fúyẹ́, ṣùgbọ́n tíṣà lè rà á fi ṣe Iléyá láì jẹ gbèsè.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ká ti ibodè pa, ká máa hun tiwa. Mi ò bínú sí wọn. Àbúrò bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kaduna títí wọ́n fi tì í pa ní 2007, ó sì ń dùn wá di òní. Òótọ́ ni pé aṣọ òkèèrè wà lára ohun tó pa irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná tí kò dúró náà wà níbẹ̀, ibodè títì kò sì lè tan iná.

Ẹ bá mi tẹ̀lé yáàdì mẹ́wàá yẹn. Funfun ló dé láti Austria. Aláró kan ní Kofar Mata rẹ ẹ́. Àwọn tó ń lu aṣọ fi kùmọ̀ lù ú títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Mo gé e, mo rán an, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ sí ọrùn rẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́, Zinder ní ilẹ̀ Niger ló ti wá. Bí funfun yẹn kò bá wọlé, kí ni gbogbo wa ì bá máa ṣe?

Nígbà tí ìjọba ti ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, àwọn ará Zinder kò wá mọ́. Mo dá ọmọ iṣẹ́ méjì padà sílé. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Maigatari, ibodè wa pẹ̀lú Niger ní Jigawa.

Ọmọ mi tó ń ka ètò ọrọ̀ ajé ní Bayero ka àlàyé David Ricardo, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará England, fún mi, ti 1817: wáìnì tí èèyàn 80 lè ṣe ní Portugal, 120 ni yóò gbà ní England, aṣọ tí 90 lè ṣe ní Portugal, 100 ni ní England. Portugal mọ méjèèjì ṣe jù, síbẹ̀ ó jèrè bó bá gbájú mọ́ wáìnì, tó sì ra aṣọ. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ihò bọ́tìnnì í dá ju ọmọ iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n wákàtí tí mo bá fi dá a, agbádá kan ò ní rí ẹni gé e.

Ìjókòó kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ooru rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ má lọ lẹ́yìn agogo méjìlá lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn á ti lọ kírun. Àárọ̀ ló dáa jù, kí aláwọ̀ mílíìkì tó tán.