Lẹ́ńsì Canon EF-S 10-18mm fún yíya inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lápá Kàbà, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, ògiri ẹ̀yìn kì í jẹ́ kéèyàn rí àyè sún sẹ́yìn. Lẹ́ńsì yìí yanjú ìyẹn: ní 10mm, níbi tó ti ń rí ibi tó fẹ̀ jù lọ, láti ẹnu ọ̀nà, pẹpẹ, bẹ́ǹṣì àti igi òrùlé á wọnú fọ́tò kan ṣoṣo. Gíráàmù 240 péré ni.

Ìmọ́lẹ̀ ni àléébù rẹ̀. Ojú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò ṣí ju f/4.5 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń ṣí tó). Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé), ẹ pa IS (ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù nínú lẹ́ńsì), torí ó lè mú fọ́tò ṣú bàìbàì níbi tí nǹkan kan ò ti mì. Ẹ lo f/8 àti ISO 100 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gbọ́ ìmọ́lẹ̀ sí). Fèrèsé ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: á ti funfun báláú kí pẹpẹ tó hàn. Ẹ ya mẹ́ta, kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn jẹ́ stop méjì-méjì (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀), kẹ́ ẹ wá pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbé ojú kámẹ́rà sókè o, ògiri á dà bíi pé ó fẹ́ wó. Ẹ jẹ́ kó dúró gbọọrọ, kẹ́ ẹ gé ilẹ̀ tó bá pọ̀ jù.

Ike ni ìdí rẹ̀, kò sì bá kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi) mu. Ìbòjú oòrùn rẹ̀, ẹ̀ ń rà á lọ́tọ̀ ni. Ahun Canon nìyẹn. Síbẹ̀, fún owó rẹ̀, ó tó rà.