Rédíò olójú gbàgàdà tí mo gbé sínú Big Daddy mi

Camry ọdún 2004 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Big Daddy. Òun ló ń bá mi gbé léèsì àti àńkárá láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lọ bá àwọn oníbàárà mi ní Oǹdó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Rédíò tó bá a dé láti òkè òkun, oníkásẹ́ẹ̀tì àti CD ni. Kásẹ́ẹ̀tì wo ni mo fẹ́ rí rà báyìí? Ibi CD rẹ̀ náà gbé àwo kan mì lọ́dún 2021, kò sì bì í jáde títí dòní.

Àbíkẹ́yìn mi tó wà ní yunifásítì FUTA ló ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká yọ eléyìí, ká fi ti Android sí i." Kí n tó dáhùn, ó ti ń fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: rédíò olójú gbàgàdà tí a ń fọwọ́ tẹ̀ bíi fóònù.

Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ wà nígboro Àkúrẹ́ níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn, ìyìn wà níbẹ̀, ẹ̀sùn náà wà níbẹ̀. Rédíò olójú íǹṣì mẹ́sàn-án, kámẹ́rà ẹ̀yìn, férémù rẹ̀ àti owó iṣẹ́, ₦195,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọlọ́jà ni èmi náà, mo mọ ojú ẹni tí èrè rẹ̀ kò tíì tán lábẹ́ ahọ́n. ₦170,000 la jọ fẹnu kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n yin ọmọ tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò gé wáyà ọkọ̀ mi kankan. Ó ní ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó bá ti Toyota mu, orí rẹ̀ ló so gbogbo nǹkan mọ́. Bó ṣe ń ṣe é ló ń ṣàlàyé fún mi: wáyà aláwọ̀ ìyeyè ni iná tí kì í kú, òun ni kì í jẹ́ kí rédíò gbàgbé àwọn ilé iṣẹ́ tí mo bá ti fi pamọ́; pupa ni èyí tó ń jí nígbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́; dúdú ni ti ilẹ̀. Ó fi fíúùsì sí i láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo ti rí rewáyà tó fi bébà inú sìgá dí ojú fíúùsì rí, torí náà mo mọ rírì ohun tí mo rí.

Ìgbà tó kan wáyà kékeré kan báyìí ló bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí fíìmù máa ṣiṣẹ́ tí ẹ bá ń wakọ̀?"

Mo ní kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ má bá mi wí, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ oníbàárà tó ń pè mí lórí fóònù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo tó mọ ohun tí mo fọwọ́ sí. Áńbíréèkì ló yẹ kí wáyà yẹn lọ, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí a fa áńbíréèkì sókè, nìkan ni fíìmù á máa hàn. Ọmọ yìí kàn so ó mọ́ irin ọkọ̀ ni, rédíò wá gbà pé inú ọgbà ilé ni mo wà nígbà gbogbo, àní nígbà tí mo bá ń sáré lọ sí Oǹdó.

Ohùn rẹ̀? Ó dùn. Adaba 88.9 ń dún bíi pé olóòtú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bí mo bá pa ọkọ̀ nígbà tí ohùn wà lókè, bó ṣe máa bú láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn, àfi bíi pé wọ́n yin ìbọn nínú gáréèjì. Ọmọ mi wá ibi tí wọ́n ti ń dín in kù títí ó fi rí i. Èmi náà ti wá fi òpin sí bí ohùn ṣe ń ga tó lójú ọ̀nà, nítorí ọjọ́ kan tí tírélà kan fọn fèrè sí mi nídìí lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo rò pé fèrè inú orin ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọwọ́. Rédíò àtijọ́ yẹn ní bọ́tìnnì roboto méjì tí a ń yí, ọ̀kan lápá òsì fún ohùn, ìkejì lápá ọ̀tún fún wíwá ilé iṣẹ́. Mi ò wò wọ́n rí. Bí ìyá mi ṣe máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn tí yóò bọ́ sínú ike iyọ̀ láì gbójú kúrò lórí ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ń ṣe pẹ̀lú bọ́tìnnì méjèèjì. Tuntun yìí ń dán gbinrin bíi dígí, ìka kò rí nǹkan kan dì mú. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ ó tún wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, bóyá ó gbọ́ àbí kò gbọ́. Bí táyà bá sì bọ́ sínú kòtò lásìkò náà, ìka yín á lọ tẹ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ kejì tí mo gbé e sójú ọ̀nà Oǹdó ló ṣẹlẹ̀. A ti kọjá Aponmu, Ọ̀wẹnà kò jìnnà mọ́, 80 ni mò ń sá. Mo fẹ́ kúrò lórí Adaba bọ́ sí Positive 102.5. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tún aago ṣe. Mo tẹ ọfà pé kó dá mi padà, ó dá mi padà kọjá ibi tí mo ti wá. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, ìdí ọkọ̀ agbégẹdú ti kún gíláàsì mi, ìtì igi mẹ́ta gbọ̀ǹgbọ̀n tí wọ́n fi ṣéènì dì. Awakọ̀ náà ti dẹ eré nítorí ihò kan. Bíréèkì tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo léèsì orí síìtì ẹ̀yìn ló ṣubú sílẹ̀. Bísí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pariwo Jésù. Ààyè tó kù láàárín èmi àti igi yẹn kò ju yáàdì mẹ́fà lọ, mo sì mọ yáàdì mẹ́fà tí mo bá rí i.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi, ó fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìsanwó. Ọkọ̀ tó bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré wo rédíò, mítà 66 ni mo fi ojú dídì rìn. Mítà kò yé mi tó bẹ́ẹ̀, mo ní kó sọ ọ́ ní yáàdì. Yáàdì 72. Ìyẹn ni pé kí n tú àńkárá oníyáàdì mẹ́fà méjìlá, kí n tò wọ́n láti orí dé ìdí lójú títì, kí n wá máa wakọ̀ lórí gbogbo wọn láì wo iwájú. Oorun ò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òun náà ló ka ìdánwò kan fún mi tí ìwé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden, Vi Bilägare, ṣe lọ́dún 2022. Wọ́n kó ọkọ̀ tuntun mọ́kànlá pọ̀ mọ́ Volvo ọdún 2005 kan tó jẹ́ bọ́tìnnì ni gbogbo tirẹ̀. Wọ́n ní kí awakọ̀ ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké bíi mélòó kan, irú bíi yíyí rédíò, lórí eré 110. Arúgbó Volvo yẹn parí tirẹ̀ láàárín mítà 306. Èyí tó gbẹ́yìn nínú àwọn tuntun rin mítà 1,372 kó tó parí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Èmi tí mo san ₦170,000 láti kúrò níbi Volvo lọ síbi ẹni tó gbẹ́yìn! Àwọn Euro NCAP tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, tí wọ́n ń fún un ní ìràwọ̀ ní Yúróòpù, náà ti ń sọ ọ́ pé láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ máàkì kíkún gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì gidi fún nǹkan bíi tíráfíkétà, wáípà àti fèrè.

Ohun tó yọ mí ni pé AC mi kò sí nínú rédíò. Bọ́tìnnì mẹ́ta tí a ń yí yẹn ṣì wà nísàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, òjò ká mi mọ́ Bọ́lọ́rundúró nígbà tí mò ń padà bọ̀, gíláàsì iwájú sì funfun báláú lójijì. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀, ó yí atẹ́gùn sí gíláàsì, ó tan AC, ojú mi kò kúrò lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra jíìpù kan tí gbogbo AC rẹ̀ wà lójú rédíò. Mo béèrè bó ṣe máa ń ṣe é nínú òjò, ó ní ìyàwó òun ló máa ń bá òun tẹ̀ ẹ́. Bí ìyàwó kò bá sí nínú ọkọ̀ ńkọ́?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ yẹn ní, "Mọ́mì, gbogbo àwọn oníbàárà wa ló ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tí fíìmù ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní a ta ayédèrú fún àwọn ni."

Mo ní, "Ọmọ mi, Bísí ló máa ń tan fíìmù. Èmi kàn ń gbọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n tí ìyá ọkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyàwó ṣépè nínú fíìmù, ṣé o rò pé mi ò ní wo ojú rẹ̀?"

Ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ló rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní kó tú wáyà náà, kó gbé e lọ sí áńbíréèkì bó ṣe yẹ. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀sùn mi ni pé ó yẹ kí wọ́n ti sọ ohun tí wáyà náà ń ṣe fún mi kí n tó ní kó máa ṣiṣẹ́. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó á dá ẹni tó gbé fóònù sétí dúró, ó sì tọ́. Ti èmi yìí, odindi fíìmù ni mo gbé sójú.

Ọ̀gá yẹn náà ló ta nǹkan tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ fún mi, ₦9,000 péré. Bọ́tìnnì kéékèèké ni, tí wọ́n dì mọ́ etí sítíárìn lápá òsì, tó ń fi bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ ṣiṣẹ́. Àtàǹpàkò mi ló ń bá a ṣe: ohùn lọ sókè, ohùn wá sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó kàn. Ọmọ yẹn fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín sítíárìn kó lè rẹwà. Mo ní rárá, àpò ẹ̀fúùfù tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ike kọ́kọ́ dé imú mi. Ìdààmú rẹ̀ ni pé tí òógùn bá pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó máa ń yí díẹ̀.

Nípa Bluetooth tó so fóònù mi mọ́ rédíò, ẹ ṣọ́ra. Ìyàwó pásítọ̀ wa ni mo gbé sí síìtì iwájú lọ́jọ́ kan, ìpè wọlé, rédíò gbé e fúnra rẹ̀, ni oníléèsì mi ní Èkó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rara: "Màmá Àkúrẹ́, owó mi tẹ́ ẹ ní ẹ ó san lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" Ìyàwó pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé bíi pé igi kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Mo ti pa gbígbé-fúnra-rẹ̀ yẹn. Báyìí, tí mo bá wà lójú ọ̀nà, kó dún títí, mà á pè padà tí mo bá dé Yaba ní Oǹdó.

Lálẹ́, ojú rédíò náà ń tàn bí àtùpà gáàsì, mo sì ń rí i nínú gíláàsì iwájú. Wáyà olómi ọsàn kan ló yẹ kí wọ́n so mọ́ iná iwájú kó lè máa rọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti so ó báyìí.

Máàpù rẹ̀ dára, àfi bó ṣe ń pe òpópónà Ọba Adésidà bí orúkọ òyìnbó tó ní òtútù. Mo máa ń tẹ ibi tí mò ń lọ sínú rẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn ló kù. Ó ràn mí lọ́wọ́ ní Ọjà Ọba tí àyè kò ti sí, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán àwọn ìlà rẹ̀. Mo gbé báágẹ́ẹ̀tì omi síbi tí ìlà pupa wà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, ó ṣì jìnnà sí bọ́ńpà ju yáàdì kan lọ. Bí mo bá wá sọ ọ́ di àṣà láti máa fẹ̀yìn kọjá ìlà pupa ńkọ́? Nínú ọgbà wa níbí sì rèé, bí ọmọ ọlọ́dún méjì ti aládùúgbò mi bá lóṣòó, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju báágẹ́ẹ̀tì yẹn lọ. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá tún un ṣe. Mà á gbé báágẹ́ẹ̀tì mi dání.